Màpó Lórí Aṣọ: Bí Ìyá àti Ọmọ Ṣe Ń Ya Ilẹ̀ Wọn

Lọ́dún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Màpó lórí òkè ní Ìbàdàn. Ilé náà ga, òpó rẹ̀ fẹ̀, ẹni tó bá ń ti Ọjàọba bọ̀ kò lè ṣàì gbójú sókè wò ó. Òyìnbó ló ya àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ. Àmọ́ àwọn obìnrin aládìrẹ ìlú náà ló ya Màpó tó wọ ilé gbogbo. Wọn kò lo bírọ́ọ̀ṣì, wọn kò sì lo ọ̀dà. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n sè, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n mú, wọ́n sì fa òpó Màpó lọ́kọ̀ọ̀kan sórí aṣọ funfun. Òpó kan, ṣíbí kan, òpó kan, ṣíbí kan. Wọ́n kó aṣọ náà sínú aró, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Ìbàdàndùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní aṣọ yìí nínú àpótí ìyá wọn tí wọn kò mọ̀ pé ilé ńlá kan ni wọ́n ń ró mọ́ ìdí. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Igun mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Nínú igun kan ẹ óò rí òpó àti ṣíbí, nínú òmíràn ẹ óò rí ewé, pẹ́pẹ́yẹ, ọ̀pọ̀lọ́ tàbí ọ̀gà. Ohun tó wà láyìíká ẹni tó yà á ló kó jọ síbẹ̀.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni irú iṣẹ́ yìí ń jẹ́. Ìbàdàn àti Òṣogbo ló lókìkí jù lọ fún èyí tí obìnrin ń fi ọwọ́ yà. Ìyá ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bí ìyá kò bá sí, ìyá àgbà tàbí ìyàwó ilé mìíràn nínú agbo-ilé á gbà á. Kò sí pátákó ìkọ̀wé níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í dìde dúró kó máa ṣàlàyé. Ọmọ á jókòó ti ìyá, á máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe orí òpó Màpó ni ọmọdé ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ jíjẹ́ ló kọ́kọ́ ń ṣe: pọn omi wá, gbá eérú jọ nídìí ààrò, lọ já ewé. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, wọ́n á ní kó máa ro ẹ̀kọ, kó sì sẹ́ ẹ kí kókó má baà kù sínú rẹ̀, nítorí kókó kan ṣoṣo lè ba ìlà jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó fún un ní ìyẹ́ adìẹ tàbí ẹ̀yọ ìgbálẹ̀ kan, pé kó máa tò tó-tò-tó sínú igun kékeré kan létí aṣọ. Ìyá ló ń fa ìlà ńlá tó pín aṣọ, ọmọ ló ń kún inú rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá máa le débi pé wọ́n á fún un ní odindi aṣọ, ojú rẹ̀ ti rí àwòrán náà títí tó ti wọ̀ ọ́ lára.

Ìdí nìyí tí Ìbàdàndùn méjì kì í fi í jọra tán. Ìyá kan á ya òpó tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ rẹ̀ á jẹ́ kó sanra. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà dunjú tilẹ̀ lè rí ọwọ́ méjì lórí aṣọ kan ṣoṣo: ìlà kan lọ tààrà, ìkejì gbọ̀n díẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ. Àwọn kan ń pe èyí ní àbùkù. Ibẹ̀ gan-an ni ẹwà iṣẹ́ náà wà, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń rí ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rí ilẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó tún yẹ kí a wò ni pé ilẹ̀ tí wọ́n ń yà yìí náà ló ń pèsè ohun tí wọ́n fi ń yà á. Ẹ̀gẹ́ ti oko wá, òun ni wọ́n fi ṣe láfún. Ìyẹ́ ti ẹ̀yìnkùlé wá. Eérú ti ààrò wá. Aró fúnra rẹ̀, inú igbó ló ti wá, lára èlú, igi tó máa ń fà gun igi mìíràn. Ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni wọ́n ń já. Wọ́n á gún un nínú odó títí yóò fi dúdú, wọ́n á ṣù ú roboto, wọ́n á sá a sóòrùn. Bí ó bá gbẹ, ó ṣeé gbé lọ sọ́jà, ó sì ṣeé fi pamọ́.

Eérú náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n á dà á sínú ìkòkò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀, wọ́n á gbé ìkòkò náà lé òmíràn lórí, wọ́n á máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi tó bá ń kán sílẹ̀ ni wọ́n ń kó èlú sí. Wọ́n á bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, títí yóò fi kan, tí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá. Àgbà aláró kì í wo aago láti mọ̀ bóyá aró ti dé. Òórùn rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti bí ó ṣe rí lórí ahọ́n ló ń sọ fún un. Èyí ni ó ṣòro jù láti kọ́ ọmọ, nítorí ẹnu kò lè ṣàlàyé rẹ̀ tán. Ọmọ gbọ́dọ̀ wà nítòsí nígbà tí aró bá dé, kó sì wà nítòsí nígbà tí aró bá kọ̀ tí kò dé.

Bí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú ẹni títí á fi di àwọ̀ aró. Kò sí ọmọdé tó rí èyí nígbà àkọ́kọ́ tí ẹnu kì í yà. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún gbé e sáfẹ́fẹ́, bí wọ́n bá sì ṣe rì í tó ni yóò ṣe dúdú tó. Nígbà tó bá gbẹ tán, wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò. Ibi tí ẹ̀kọ ti bò, tí aró kò wọ̀, ni àwòrán á ti yọ.

Àwọn aláró ayé àtijọ́ kì í dá iṣẹ́ yìí ṣe láìképe Ìyá Mọ̀pó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin: aró rírẹ, ìkòkò mímọ. Ní Ìgbẹ́tì, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, òkè àpáta ńlá kan ń jẹ́ orúkọ yìí gan-an. Òkè wà níbẹ̀, òrìṣà wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, orúkọ kan náà ló so wọ́n pọ̀.

Àwọn orúkọ àdìrẹ fúnra wọn ń fi ohun tí ìyá àti ọmọ ń wò hàn. Ewé Ẹ̀gẹ́ wà, Olókun wà, Ẹyẹ Pé wà. Nínú àdìrẹ oníko, èyí tí wọ́n fi ìko so kí wọ́n tó rẹ ẹ́, Oṣùbàmbà wà, tí àmì róbótó ńlá-ńlá rẹ̀ dà bí òṣùpá nígbà tó bá kún. Nínú ẹlẹ́kọ, wọ́n a máa fi ìyarí fa ẹ̀kọ tútù kó lè rí bí omi tó ń rú. Lọ́dún 1971, Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé kan jáde tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe lórí àdìrẹ Nàìjíríà, tí àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán. Ó dára tí ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìwé tó dé, orí ọmọ ni ìyá ń kọ ọ́ sí.

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ewé àti ẹyẹ nìkan ni wọ́n ń yà. Màpó kì í ṣe ohun àtijọ́ nígbà tó dé orí aṣọ. Ilé ìgbàlódé ni, ilé tí àwọn ìyá yẹn rí nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Lọ́dún 1935, nígbà tí George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwòrán òun àti Mary ìyàwó rẹ̀ wọ orí àdìrẹ, wọ́n sì ń pe irú aṣọ náà ní Olọ́ba. Ohunkóhun tó bá dé ìlú, tí ojú rí, tí ẹnu sì ń sọ, lè di àdìrẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lórí àdìrẹ lónìí ń sọ ọ́ bíi pé ohun tí wọ́n ti parí nígbà kan ni, tí iṣẹ́ wa kò ju kí a máa tọ́jú rẹ̀ lọ.

Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin náà wọ iṣẹ́ yìí. Àwọn ló ń gé àwòrán sára páànù síńkì, irú èyí tó máa ń wà nínú àpótí tíì, tí wọ́n á fi tẹ ẹ̀kọ mọ́ aṣọ lára. Ó yá ju ìyẹ́ adìẹ lọ fíìfíì. Itòkú ni ọjà rẹ̀, Kẹ́mta sì wà lára àdúgbò tí òkìkí aró rẹ̀ kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníbàárà ń ti Gánà àti Sẹ̀nẹ̀gà wá ra àdìrẹ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ nínú àwọn ọdún 1930. Ìgbà yẹn náà ni àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lórí kọ́ọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó tí àwọn kan fi ń rọ́pò eérú àti èlú. Ó ń yá iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aṣọ ń ya. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin dè é, àwọn aláró kan sì kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lé lórí. Ìwé Judith Byfield, The Bluest Hands, tó jáde lọ́dún 2002, sọ ìtàn náà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Àwọn tó kọ̀ náà ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Ẹni tó ní ọmọ láti bọ́ kò ní àyè láti máa dúró de ìkòkò fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Síbẹ̀, ohun tó sọnù kì í ṣe aṣọ tó le nìkan. Ọmọ tí kò lọ já èlú mọ́ kò ní mọ igi náà bó bá tilẹ̀ dúró níwájú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí fún Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye, oníṣẹ́ ọnà aládìrẹ. Ọdún 1951 ni wọ́n bí i ní Ògìdì, nílẹ̀ Ìjùmú, ní ibi tó ti di ìpínlẹ̀ Kogí báyìí, ìlú tí òkè àpáta yí ká. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, ìyá àgbà tó bí ìyá àgbà rẹ̀ ló sì wò ó. Ahunṣọ ni ìyá arúgbó yìí, aláró sì ni pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọmọdé náà ti mọ òwú, tó mọ aró, kó tó di pé ó gba Òṣogbo lọ. Lọ́dún 1983 ó dá ibùdó iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ṣẹ́ láìsan kọ́bọ̀. Nígbà tó yá, ó gbé àwọn àmì àdìrẹ kúrò lórí aṣọ nìkan, ó ń yà wọ́n sí kánífáàsì. Bí ẹ bá dé ilé iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ní Lẹ́kí, l'Ékòó, ẹ óò rí igun mẹ́rin-mẹ́rin àwọn ìyá àtijọ́ nínú àwòrán igi, ti ọjà àti ti àwọn onílù. Ohun tí ìyá arúgbó kan kọ́ ọmọ kan ní Ògìdì ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ti ń jẹ.

Gasali Adeyemo wà lára wọn. Ọmọ Òfàtẹ̀dó, nítòsí Òṣogbo, ni. Ibùdó Níkẹ̀ẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́, ìlú Santa Fe ní New Mexico, l'Amẹ́ríkà, ló ń gbé báyìí, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ táútáú, tí kò jọ ilẹ̀ Ọ̀ṣun rárá. Ó ń rẹ àdìrẹ níbẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní iṣẹ́ náà.

Ìtàn òbí àti ọmọ kan tún wà ní Òṣogbo tí ẹ̀jẹ̀ kò so pọ̀. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ni wọ́n bí ní Graz, ní orílẹ̀-èdè Austria, lọ́dún 1915. Ní nǹkan bí ọdún 1950 ló dé Nàìjíríà. Ó kọ́ bí àwọn obìnrin Yorùbá ṣe ń fi ẹ̀kọ láfún yàwòrán, ó sì fi í ya aṣọ gbàgàdà-gbagada tó kún fún ìtàn òrìṣà. Ó gba ọmọkùnrin kan tọ́, Ṣàngódáre Gbádégẹsin Àjàlá. Ọmọ náà dàgbà sídìí iṣẹ́ ìyá rẹ̀, ó di àgbà nínú àwọn oníṣàngó, ó sì di ọ̀gá nínú fífi ìda yàwòrán sára aṣọ. Igbó àti odò Ọ̀ṣun ni àwọn méjèèjì ń wò, ó sì hàn nínú iṣẹ́ wọn: ojú pọ̀ níbẹ̀, apá pọ̀, igi àti ènìyàn wọnú ara wọn débi tí ènìyàn kò fi ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Igbó yẹn ì bá ti di ilẹ̀ títà. Àdùnní àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí, Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé Ògún fi símẹ́ńtì, òkúta àti igi gbé ère kalẹ̀ sínú rẹ̀. Lọ́dún 2005, UNESCO fi igbó náà, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, sínú àwọn ogún àgbáyé. Àdùnní kú ní oṣù kìíní ọdún 2009 lẹ́ni ọdún 93. Ṣàngódáre tẹ̀lé e lọ́dún 2021.

Lónìí, bí ẹ bá dé Itòkú, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti ilẹ̀ Ṣáínà pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ya àmì àdìrẹ sí lára. Owó rẹ̀ kò wọ́n, a kò sì lè bá ẹni tó rà á jà. Àwọn aládìrẹ ń pariwo, òdodo sì ni wọ́n ń sọ: ẹ̀rọ ti jí iṣẹ́ wọn. Àmọ́ bí gbogbo ohun tí aládìrẹ ń ṣe bá ti jẹ́ kó máa tún àwòrán àná yà, ẹ̀rọ á máa bá a díje títí ni, á sì máa yá jù ú lọ. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe ni kó wo ìta kó sì rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì yà. Bí ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ṣe wo Màpó nígbà tó ṣì jẹ́ ilé tuntun nìyẹn. Ta ló ti ya afárá Third Mainland sórí àdìrẹ, pẹ̀lú àwọn apẹja tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀? Ta ló ti ya òkè Ìdànrè pẹ̀lú àtẹ̀gùn rẹ̀, tàbí àpáta Olúmọ pẹ̀lú páànù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí kò sí ẹni tó dé Abẹ́òkúta tí kò mọ̀?

Ẹ̀yin òbí, ẹ lè ṣe é nílé ní ìsinmi tó ń bọ̀ yìí. Ẹ kọ́kọ́ bá ọmọ yín rìn jáde, kí ẹ bi í ní ohun tó máa ń rí lọ́nà ilé-ìwé. Ẹ má sọ fún un ohun tó yẹ kó rí. Ó lè jẹ́ igi máńgòrò, ó lè jẹ́ táǹkì omi, ó lè jẹ́ òpó iná tí ẹyẹ ń bà lé. Ẹ ra aṣọ òwú funfun, nítorí pọ́líẹ́sítà kò ní gba aró. Ẹ po láfún, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sè é kó ki bí ògì, ẹ fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i. Ẹ pín aṣọ náà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹ̀yin fa ìlà, kí ọmọ kún un. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Inú aró tútù ni kí ẹ rì í sí, nítorí omi gbígbóná á yọ́ ẹ̀kọ náà, ẹ má sì fún un.

Bí ẹ bá lo kọ́ọ́sítíìkì, ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá, ó ń jó ara, ó sì ń fọ́ ojú. Kí àgbàlagbà wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kó máa bu kọ́ọ́sítíìkì sínú omi díẹ̀díẹ̀, kó má ṣe da omi lé kọ́ọ́sítíìkì. Bí ẹ bá sì mọ ìyá àgbà kan tó ṣì mọ èlú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ náà lọ, kó tó di ẹ̀yìn ọ̀la.

Nígbà tí aṣọ bá gbẹ tán, ẹ kọ orúkọ ẹ̀yin àti ọmọ yín sí etí rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò àti ọdún. Àdìrẹ àtijọ́ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sí orúkọ obìnrin tó yà á, kò sì sí orúkọ ọmọ tó jókòó tì í.